Ta Ló Ń Gba Oògùn Zulfah?

Ọmọ tí wọ́n ti sin láti ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta ni ìwé sọ pé ó wá gba oògùn ní Jímọ̀ọ́ tó kọjá. Ìtẹ̀ka rẹ̀ wà níbẹ̀, ó dúdú kirimú lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀: Zulfah Rájí, ọmọ ọdún mọ́kànlá, Òkè Gádà, Ẹdẹ.

Títílayọ̀ Oyèwọlé kò tètè fọwọ́ kan ìwé náà. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, síbẹ̀ kò gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé: ẹni tó bá fẹ́ wọ igbó tí kò mọ̀, kó kọ́kọ́ ké pe Ẹni tó dá igi. Ó tẹríba, ó gbàdúrà tí ètè rẹ̀ nìkan gbọ́, lẹ́yìn náà ló tó yọ awò asọ-kékeré-di-ńlá rẹ̀ nínú àpò.

"Ẹ̀ẹ̀meje, mà," ni Ọ̀gbẹ́ni Samuel wí. Òun ni ẹgbẹ́ aláàánú tó ń fi oògùn náà ránṣẹ́ láti Ìbàdàn yàn láti máa yẹ ìwé ilé ìwòsàn kékeré yìí wò. "Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sin ín. Láti Jímọ̀ọ́ ọjọ́ kejì, kò pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ. Mo ti rí olè tó ń forúkọ alààyè jalè. Èyí tó ń ti inú sàréè wá, òun ni n ò tíì rí."

Títílayọ̀ gbé awò lé ìtẹ̀ka tí Zulfah tẹ̀ kó tó kú. Ìlà wínníwínní ń yí po níbẹ̀, bí ojú omi tí wọ́n sọ òkò sí. Ó wá gbé awò sórí èyí tó tẹ̀lé ikú rẹ̀. Ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Kò sí ìlà kan ṣoṣo. Ó wo ìkejì, ó wo ìkẹta, títí dé ìkeje. Bákan náà ni gbogbo wọn.

Samuel ti bẹ̀rẹ̀ lé e léjìká, ó ń yọjú. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ lójijì. "Wọ́n máa ń sọ ọ́ nílé wa pé òkú kì í ní ìlà ọwọ́."

"Nílé tiwa, wọ́n ní òkú kì í jẹun. Kí ni òkú á fi oògùn ṣe?" Títílayọ̀ dáhùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún gbé awò padà sórí ìkeje.

Páálí mẹ́rìnlá ti wà nínú ọkọ̀ Samuel níta. Gbogbo oògùn tó kù fún àwọn ọmọ náà ni, wọ́n ti dì í pa. "Àwọn tó rán mi ní bí ìwé Ẹdẹ bá ń purọ́, kí n kó o wá. Mo fún yín di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mà. Tí n kò bá mọ ẹni tó ń gbà á, mo ń lọ."

"Ogójì ọmọ ló wà nínú ìwé yìí. Àwọn mọ́kàndínlógójì tó ṣì wà láyé ńkọ́?"

Samuel wo bàtà rẹ̀. "Èmi kọ́ ni mo ṣòfin, mà."

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀.

*

Bùkọ́lá, nọ́ọ̀sì tó ń pín oògùn, jókòó sí yàrá ẹ̀yìn, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ra bí ẹni tí òtútù ń mú. Níwájú rẹ̀ ni ògiri tí wọ́n kan ìṣó ogójì mọ́. Lórí ìṣó kọ̀ọ̀kan ni àpò aṣọ kékeré kan rọ̀ sí, orúkọ ọmọ lára rẹ̀.

"Ṣàlàyé oògùn yìí fún mi," ni Títílayọ̀ wí. "Bí ẹni ń sọ ọ́ fún ìyá rẹ."

Èyí rọ Bùkọ́lá lọ́rùn láti sọ. "Àwọn ọmọ oní-fòníkú-fọ̀ladìde ni, mà. Ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń tètè dógùn-ún bí irin tí òjò ń pa. Tó bá ti dógùn-ún, á le, á tẹ̀ kọ́rọ́ bí dòjé, á wá há sójú iṣan. Igbe tí wọ́n ń ké nìyẹn. Ìyẹ̀fun yìí ló ń dènà ìdógùn-ún yẹn. Tí a bá bẹ iṣu sílẹ̀ tí a ò fomi bò ó, ṣebí atẹ́gùn á sọ ọ́ di dúdú? Ìyẹ̀fun yìí ni omi orí iṣu. Kì í wo àrùn náà kúrò o, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ń gbé wá lóṣooṣù, ó lè lo oṣù mẹ́ta, mẹ́rin báyìí kí ìrora tó dá a wó."

"Zulfah ńkọ́? Ṣebí ó ń mu ún?"

"Ibà ló mú un, mà. Ọjọ́ méjì péré."

Àbúrò Títílayọ̀ ọkùnrin, Ìbùkún, kú àìsàn yìí ní ọdún tí ẹnikẹ́ni ní Ẹdẹ kò tíì gbọ́ nípa ìyẹ̀fun kankan. Títí di òní, bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ó máa ń gbọ́ igbe rẹ̀ nínú ògiri.

Ó bu ìyẹ̀fun díẹ̀ tó kù sí ìdí àpò kan sórí ahọ́n. Kò dùn, kò korò, kò kan.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń gbà á?"

"Ìfọkàntán ni, mà. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ Jímọ̀ọ́, mo máa ń gbé àpò kọ́, mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn, màá lọ gbálẹ̀ ẹ̀yìn. Àwọn ìyá tó ń lọ oko, tó ń lọ ọjà, kálukú á wọlé, á mú tirẹ̀, á tẹ̀ka."

"Láti ìgbà tí Zulfah ti kú, ta ló ń di oògùn sínú àpò rẹ̀?"

Bùkọ́lá gbójú sí ògiri. Eṣinṣin kan ń fò láti ìṣó dé ìṣó.

"Bùkọ́lá."

"Èmi ni, mà."

"O ò mọ̀ pé ó ti kú?"

"Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé e sin." Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ mẹ́rin ni mo ti fi bírò pupa fagi lé nínú ìwé yẹn láàárín ọdún méjì. Nígbà tó kan Zulfah, ọwọ́ mi kọ̀. Mo ní kí n gbé tirẹ̀ kọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí mo wọlé padà, àpò ti lọ. Ìtẹ̀ka ti wà níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé n ò lè béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo tún gbé e kọ́. Mo ní tí n kò bá gbé e kọ́ ńkọ́, tó sì wá, tí kò bá a níbẹ̀?"

Samuel ti dé ẹnu ọ̀nà. "Ó jẹ́wọ́! Ẹ mú un!"

"Ẹ rọra, ọmọ mi. Ìkánjú kọ́ la fi ń lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹni tó ń gbé e kọ́ la rí. Ẹni tó ń sọ ọ́ kalẹ̀ ni mò ń wá." Ó ti ń kó awò rẹ̀ sínú àpò. "Ẹni náà kò ní ìlà ìka. Ta ló ń ṣe iṣẹ́ tó ń bó awọ ọwọ́ ní Ẹdẹ yìí?"

*

Ibi tí ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ lọ ni ìsọ̀ Roqeebah ní ọjà Owódé. Ìpara amúnipọ́n ni Roqeebah ń pò tà. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyìn ọ̀pẹ, oríkèé ọwọ́ rẹ̀ sì dúdú. Wọ́n ti sọ ọ́ létí Títílayọ̀ rí pé àwọn apòpara a máa wá irú oògùn tó ń lé ìdógùn-ún yìí kiri, pé ó ń mú ara dán.

"Ìyẹ̀fun funfun wo nìyẹn?" Títílayọ̀ nawọ́ sí abọ́ kan lórí àtẹ.

"Ẹ̀yin ọlọ́pàá! Lánàá, wọ́n ní mo gbé kòkéènì. Lónìí ńkọ́, mà? Àgbo òkú?"

Títílayọ̀ wò ó gidi. "Ta ló sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ òkú ni?"

"Gbogbo ọjà! Wọ́n ní ọmọ kan ń ti ibojì wá gba oògùn ní Òkè Gádà." Roqeebah gbọn ara. "Èmi? Tí mo bá rí oògùn yẹn rà, màá ti fi pàtẹ sí iwájú ìsọ̀, ẹ̀yin náà á sì ti rà á. Ẹ wo ojú yín, mà, oòrùn ti jẹ ẹ́."

"Fi ojú mi sílẹ̀. Mú àtàǹpàkò rẹ wá."

Roqeebah tẹ àtàǹpàkò mọ́ páàdì tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ti bó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlà inú ìka wà níbẹ̀ pé pérépéré. Títílayọ̀ fi ahọ́n tọ́ ìyẹ̀fun rẹ̀ wò. Ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́.

"Fàítámì lásán ni," ni Roqeebah wí. "Ẹ ó ra ìpara àbí ẹ ò ní rà?"

Títílayọ̀ jáde. Aago méjìlá ti kọjá.

*

Ọlọ́kadà kan dúró níwájú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó pè é. Àtàndá lorúkọ rẹ̀. Ìdajì Òkè Gádà ló ń gbé lọ gbé bọ̀.

"Mà, mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ Zulfah lẹ ń tọpinpin. Ẹ má lọ jìnnà. Mo ti rí i."

"O ti rí ta ni?"

"Òun gan-an! Èmi ni mo máa ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nígbà ayé rẹ̀. Ní ìlú Ara, ẹ̀ẹ̀mejì, lábẹ́ igi kajú kan lẹ́bàá ọ̀nà. Híjàábù aláwọ̀ ewé rẹ̀ yẹn, tó ní òdòdó funfun létí. Àkúdàáyà ni, mà! Ó ti kúrò ní Ẹdẹ, ó ti lọ jókòó sí ìlú ibòmíràn." Ó fọwọ́ nu òógùn. "Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gba èrò Ara mọ́."

"Lónìí, ìwọ á gbà. Gbé mi lọ."

"Mà!"

"Olúwa ni olùṣọ́ àgùntàn mi. Ìwọ náà ṣe tìrẹ, kí o ki Bìsìmílà, ká máa lọ."

Wọ́n lọ. Eruku, oko ẹ̀gẹ́, ewúrẹ́ tó ń sùn lójú títì. Bí wọ́n ti ń wọ Ara, Àtàndá dín iná ọ̀kadà kù, ó nawọ́ láìsọ̀rọ̀.

Ọmọbìnrin kan jókòó lábẹ́ igi kajú, ó kẹ̀yìn sí wọn. Híjàábù aláwọ̀ ewé. Òdòdó funfun létí.

Títílayọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ó rìn díẹ̀, ó dúró. Ohun tó mú un pe orúkọ náà, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀.

"Zulfah!"

"Mà," ni ọmọ náà dáhùn, ó sì yíjú.

Ìró ọ̀kadà ni Títílayọ̀ gbọ́ lẹ́yìn. Àtàndá ti sá dé ìsàlẹ̀ ọ̀nà, ó ń ki àyájọ́ àti Kùránì pọ̀. Òun náà fẹ́ yí padà. Ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọwọ́ ọmọ náà. Ó gbóná. Ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ti àwọn ọmọ tó ní àìsàn yìí. Ìlà sì wà nínú àtàǹpàkò rẹ̀, wínníwínní, pé pérépéré.

"Ta ló sọ ọ́ ní Zulfah?"

Ọmọ náà wo ẹnu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ ti jáde síta, ọbẹ tó fi ń bẹ ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Fawziyah ló ń jẹ́, mà," ni ìyá náà wí, ó kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba oògùn lọ́wọ́ wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé e lọ Ẹdẹ, wọ́n ní ogójì ti pé, kí n kọrúkọ sílẹ̀ kí n máa retí. Òun tó ń mú un wá fún wa ló fún un láṣọ náà. Láti ọ̀sẹ̀ méje tó ti ń mu ún nínú ẹ̀kọ tútù, ó ti ń rìn lọ ilé ìwé. Ó ń rìn, mà!"

"Ta ló ń mú un wá?"

"Ó fi Ọlọ́run bẹ̀ mí kí n má sọ."

"Má sọ, nígbà náà. Mú ọ̀rá tí oògùn wà nínú rẹ̀ wá kí n rí i."

Ọ̀rá funfun ni. Ní igun rẹ̀, ibi tí ọwọ́ ti dì í ní kókó, àpá dúdú kékeré kan wà. Títílayọ̀ ta omi sí i, ó fi ìka pa á.

Ó hó.

Ó dúró, ó ń wo ìfófòó funfun náà lórí ìka rẹ̀. Ó ní kí ìyá Fawziyah gbé ọmọ rẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn kí aago mẹ́rin tó lù, ó sì rìn lọ bá Àtàndá.

"Eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, kí ló ń ṣe fún ọwọ́?"

"Ó ń jẹ ẹ́ ni, mà. Ìyá ìyá mi se ọṣẹ títí ọwọ́ wọn fi dán bí abọ́. Ọjọ́ tí wọ́n lọ gba káàdì ìdìbò, ẹ̀rọ ò mọ̀ wọ́n! Wọ́n ní, 'Màmá, ṣé ẹ̀ ń bẹ láyé?'"

"Iṣẹ́ wo ni ìyá Zulfah ń ṣe?"

Àtàndá la ẹnu. Kò tíì pa á dé tí Títílayọ̀ fi gun ọ̀kadà.

*

Sìmbíátù, ìyá Zulfah, wà nídìí ìkòkò ọṣẹ lẹ́yìnkùlé, ó ń ro ó. Kò gbójú sókè. Títílayọ̀ kò yọ ìwé, kò dárúkọ òfin. Ẹ̀gbẹ́ iná ló bẹ̀rẹ̀ sí, ó rọra ń kì í, bí wọ́n ṣe ń ki abiyamọ láàárọ̀:

"Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ẹdẹ Màpó Arógun. Ọmọ afeérú-dárà, eérú dúdú, ìfófòó funfun. Ẹni tó fọ aṣọ ọmọ aráyé mọ́, ta ni yóò nu ojú tirẹ̀ fún un? Àbẹ̀kẹ́, a-bẹ̀-kí-a-tó-kẹ́, ọwọ́ tó ro ọṣẹ ní í mọ bí iná ṣe gbóná tó."

Ọ̀pá dúró nínú ìkòkò.

"Ṣé ẹ wá mú mi ni?"

"Mo wá kí yín kú àfẹ́kù ni."

"N kò jí ti ẹnikẹ́ni." Ojú Sìmbíátù gbẹ, ó gbẹ bí ìṣáná. "Orúkọ ọmọ mi ló wà lára àpò yẹn. Ohun tí òkú bá fi sílẹ̀, ṣebí sàráà là ń fi í ṣe, kí Ọlọ́run lè fi àlùjánnà kẹ́ ẹ? Mo fi aṣọ rẹ̀ ṣe sàráà. Mo fi bàtà rẹ̀ ṣe é. Mo wá lọ wo bóyá oògùn rẹ̀ kù. Ó ń bẹ lórí ìṣó. Mo mú un, mo gbé e fún ọmọ tí mo rí tí wọ́n lé padà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo kàn ní kí n yọjú. Ó tún ń bẹ níbẹ̀! Gbogbo Jímọ̀ọ́ ló ń bẹ níbẹ̀. Bí ọmọ mi bá kú lóòótọ́, kí ló dé tí wọ́n ṣì ń gbé tirẹ̀ kọ́? Mo ní bóyá èmi nìkan ni mo rò pé ó kú."

Iná ta páráá. Títílayọ̀ ti igi kan sínú rẹ̀.

"Àti orúkọ tí ẹ fún ọmọ Ara?"

"Mo ní kó máa dáhùn ni. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kí n ṣáà gbọ́ 'mà' yẹn."

"Ìyá Zulfah, àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Tiyín kú, ẹ sọ ọ́ di èyí tó nù, ẹ wá ń wá a kiri Ara." Ó di ọwọ́ dídán náà mú. "Ọkọ̀ ti fẹ́ kó oògùn gbogbo ọmọ lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin lẹ mọ igbe tí wọ́n ń ké. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ."

*

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́rin lù. Samuel ti jókòó sínú ọkọ̀. Nígbà tó rí nọ́ọ̀sì, ìyá méjì àti ọmọ kan lẹ́yìn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, ó sọ̀kalẹ̀, ó bá wọn wọ yàrá ìṣó.

"Èwo nínú wọn ni olè, mà?"

"Kò sí olè níbẹ̀. Ẹnì kan kò lè kọ ọ́ pé ọmọ kú, ó ń gbé àpò kọ́. Ẹnì kan kò lè gbà pé ọmọ kú, ó ń sọ àpò kalẹ̀. Èkíní rò pé òkú ló ń gbà á. Èkejì rò pé alààyè ni wọ́n ń gbé e kọ́ fún. Oògùn náà kò ṣòfò, inú ọmọ tó ń ṣàìsàn ló lọ." Ó yíjú sí nọ́ọ̀sì. "Bùkọ́lá, ta ló wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé àwọn tó ń retí?"

Bùkọ́lá ṣí ojú ewé ìkẹyìn. Ó kà á sókè. "Fawziyah. Ará Ara."

"Ṣé ẹ gbọ́? Ọjọ́ tí Zulfah kú ni àyè ṣí sílẹ̀ fún ọmọ yìí. Ọ̀sẹ̀ méje la ti fi orúkọ òkú dí ọ̀nà alààyè, tí ìyá òkú sì ń yọ́ kẹ́lẹ́ gba ẹ̀yìn gbé e fún un."

Samuel fa ìwé náà sọ́dọ̀, ó wo ojú ewé ìkẹyìn fúnra rẹ̀. "Mo gbọ́, mà. Bí a bá tún ìwé ṣe níwájú mi báyìí, mo lè dúró lé e lọ́dọ̀ àwọn tó rán mi. Ṣùgbọ́n irọ́ kan péré sí i, mo ti lọ." Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú ọmọ náà. "Kí lorúkọ rẹ?"

Ọmọ náà kò wo Samuel. Kò wo ìyá tó bí i. Sìmbíátù ló ń wò, ẹni tó fún un ní híjàábù, tó fún un ní oògùn, tó fún un ní orúkọ. Ètè rẹ̀ ṣí, ó dúró. Bùkọ́lá ti di ojú. Títílayọ̀ ń gbàdúrà.

Sìmbíátù kúnlẹ̀. Ó tún òdòdó etí híjàábù náà tò, ó pẹ́ lórí rẹ̀.

"Sọ èyí tí ìyá rẹ sọ ọ́," ó wí jẹ́jẹ́. "Sọ ọ́ sókè. Ṣé o gbọ́?"

"Fawziyah," ni ọmọ náà wí.

Bùkọ́lá mú bírò pupa. Ìró rẹ̀ lórí ìwé kò ju ti aáyán lọ, ṣùgbọ́n gbogbo yàrá ló gbọ́ ọ. Sìmbíátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí, ó sì sunkún ọmọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín. Kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́. Níta, wọ́n ti ń sọ páálí kalẹ̀.